Àwọn Lẹ́tà Tí Mo Fọ̀ Mu

Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Irọ́ kéékèèké tí mo ti pa láyé kò ṣe é kà, mi ò sì torí ọ̀kankan nínú wọn pàdánù oorun rí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí yàtọ̀. Ọmọ mi tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n kò gbọ́ ọ rí. Ọkọ mi kò gbọ́ ọ títí ó fi kú. Bàbá mi nìkan ló gbọ́, wọ́n sì rán mi níṣẹ́ kan lórí rẹ̀ tí mi ò jẹ́. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ọdún yìí wá, ìtìjú náà ló sì ń tì mí sọ ọ́ báyìí, torí ẹrù rẹ̀ ti wúwo jù fún àgbàlagbà láti máa gbé kiri.

Iṣẹ́ ìdáná ni mo ń ṣe ní Apápá nígbà náà, láyé àwọn ológun, fún òyìnbó àgbàlagbà kan tó jẹ́ ẹnjiníà ọkọ̀ ojú omi. Ajégúnlẹ̀ lèmi ń gbé. Láràárọ̀ ni mo máa ń fẹsẹ̀ gba Malu Road, láàrin àwọn tírélà àti àwọn tó ń jó irin, kí n tó yọ sí àdúgbò tí igi ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Ọ̀gá mi á ti jáde. Ọkọ̀ ojú omi kékeré á ti gbé e láti Tin Can kọjá sí Snake Island níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, kò sì ní dé títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, wọn ò sì bímọ. Èmi náà ò tíì bí.

Júù ni. Nígbà tó sọ fún mi, mo rò pé àwàdà ló ń ṣe, torí lójú tèmi, àwọn Júù ti tán láti ayé àwọn ànábì. Mo bi í bóyá ó mọ Ànábì Mùsá. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ nù. Ó ní òun ò bá a láyé, ṣùgbọ́n òun mọ ìdílé wọn. Pijin la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, tirẹ̀ burú, tèmi náà ò sàn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́ ara wa yé.

Lára òpó ilẹ̀kùn àbáwọlé, lọ́wọ́ ọ̀tún bí èèyàn bá ń wọlé, wọ́n kan àpótí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ọn, kò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ. Ó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo rò pé ọtí ló ń pa káfíńtà tó kàn án. Bí ọ̀gá mi bá ń jáde, á fi ìka kan àpótí náà, á sì fi ìka ọ̀hún kan ètè. Bó bá wọlé, bákan náà. Kódà lọ́jọ́ tí ibà dá a gúnlẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ méjì gbé e wálé, ó na ọwọ́ sí i. Mo ní, "Ọ̀gá, tírà yín yìí lágbára o." Inú bí i díẹ̀. Ó ní kì í ṣe tírà. Awọ ẹran ló wà nínú rẹ̀, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí i ní ìlà méjìlélógún, iye tí lẹ́tà èdè Hébérù jẹ́, bàbá òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Akọ̀wé ni bàbá rẹ̀. Kì í ṣe akọ̀wé ọ́fíìsì o, akọ̀wé ọ̀rọ̀ mímọ́ ni, òun nìkan niṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa àwọn Júù ní ìpakúpa lókè òkun, wọ́n pa ọkùnrin náà, ìyàwó rẹ̀ àti gbogbo ọmọ rẹ̀ àyàfi ẹyọ kan tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ẹbí nílùú míràn. Wọ́n rán awọ yẹn mọ́ inú kóòtù ọmọ náà. Ọ̀gá mi lọmọ náà, awọ yẹn nìkan ló sì ṣẹ́kù láyé tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ kàn.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé mo mọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá mi wí àwíjàre pé mi ò mọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó máa ń tètè dé kí oòrùn tó wọ̀, torí ìsinmi wọn. Oúnjẹ á ti jinná. Á jókòó sídìí tábìlì inú kíṣìnnì, á máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ lẹ́tà sí ẹ̀yìn páànù dúdú tí mo fi ń yan búrẹ́dì. Àfáà ni bàbá mi, mo mọ alífù àti báà kí n tó mọ A àti B. Nígbà tí ọ̀gá mi wá ní álẹ́fù, bẹ́tì, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń ti ọ̀tún bọ̀ sí òsì, inú mi dùn bí ẹni tó pàdé ẹbí lọ́jà.

Ó ní Ọlọ́run kò fi amọ̀ tàbí igi dá ayé, lẹ́tà ló fi dá a. Ó pè wọ́n, wọ́n sì di nǹkan. Bí ẹyọ kan bá fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ lónìí, ohun tó ń gbé ró á wó. Ó ní álẹ́fù kò ní ohùn, òun ni èémí tí èèyàn ń mí kó tó sọ̀rọ̀. Ìwé mímọ́ wọn fi bẹ́tì bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí, tí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dí, tí iwájú nìkan ṣí sílẹ̀, kí èèyàn má baà máa tọ pinpin ohun tó wà kí ayé tó wà. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀. Méjì tí wọ́n fi ń kọ ìyè, bí a bá pa wọ́n pọ̀, méjìdínlógún ni wọ́n jẹ́. Nítorí náà bí ọ̀gá mi bá fẹ́ ta èèyàn lọ́rẹ, ọsàn méjìdínlógún ni, tàbí ẹyin méjìdínlógún. Ẹlẹ́yin tó wà ní Liverpool Road gbà pé orí rẹ̀ kò pé.

Orúkọ Ọlọ́run tó jẹ́ lẹ́tà mẹ́rin, ọ̀gá mi kì í pè é, kì í sì í kọ ọ́ sí páànù mi, torí ohun tí a bá ti kọ ọ́ sí, a ò gbọdọ̀ pa á rẹ́. Ìwé tí Orúkọ náà wà nínú rẹ̀, bó bá gbó, wọn kì í jó o, wọn kì í sì í dà á sórí ààtàn. Wọ́n ń sin ín bí òkú ni. Ó ní bí bàbá òun bá ń kọ Orúkọ náà lọ́wọ́, ọba ìbáà kí i, kò ní dáhùn. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí ọba bá kí tí kò dáhùn, kò ní délé. Ó nu ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní bàbá òun náà ò délé.

Ó yẹ kí ìyẹn ti tó ìkìlọ̀ fún mi. Lọ́jọ́ míràn mo tún bi í bóyá kò sígbà kankan tí wọ́n lè pa Orúkọ náà rẹ́. Ó ronú títí. Ó ní ẹyọ kan ṣoṣo ló wà, láyé àtijọ́, nígbà tí tẹ́ńpìlì wọn ṣì wà lórí ìdúró. Bí ọkọ bá fura sí ìyàwó rẹ̀ tí ilé wọn sì dàrú, àlùfáà á kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, àti Orúkọ náà, á fọ̀ ọ́ sínú omi, á fún obìnrin náà mu. Bó bá jẹ̀bi, ìyà á jẹ ẹ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́, á lóyún. Ó ní Ọlọ́run gbà kí wọ́n nu Orúkọ òun nù kí àlàáfíà lè wà láàrin tọkọtaya.

Ẹ wo ẹni tó ń sọ èyí fún! Ọdún keje rèé tí mo ti délé ọkọ, nǹkan oṣù ò tíì yẹ̀ lórí mi rí. Ìyá ọkọ mi ti ń kí mi bí ẹni ń kí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ. Bàbá mi wà ní Ajégúnlẹ̀, wọ́n ń kọ àwọn àáyà inú Kùránì sórí wàláà, wọ́n ń fi omi fọ̀ ọ́, wọ́n ń rọ ọ́ sínú ìgò fún aláìsàn àti àgàn. Hàǹtú là ń pè é. Mo ti mu hàǹtú bàbá mi títí tó fi dà bí omi ẹ̀rọ lẹ́nu mi. Nígbà tí ọ̀gá mi ń bọ́rọ̀ lọ, pé àwọn àgbà wọn ti fòpin sí omi yẹn tipẹ́tipẹ́, pé kò sẹ́ni tó tún gbọdọ̀ ṣe é, etí mi ti dí. Ọ̀rọ̀ kan ló wọlé: á lóyún.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó lọ sí Pọ́táàkọ́tù fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sán gangan ni mo ṣe é. Mo fi ọ̀bẹ tú ìṣó méjèèjì, mo sì yọ awọ tí Orúkọ náà wà lára rẹ̀ jáde. Ó kéré, kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi, àwọn lẹ́tà orí rẹ̀ sì dúdú kìrìkìrì, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kò sí èyí tó fara kan ìkejì. Mo dá álẹ́fù mọ̀. Mo dá bẹ́tì mọ̀. Ó tiẹ̀ ṣe mí bíi kí n dá a padà, mo jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n mo ti bomi sínú abọ́ tánganran, omi náà sì ń wò mí. Mo ní bísímílá, mo tẹ̀ ẹ́ rì, mo fi ìka pa á. Ó pẹ́ kó tó ṣí. Nígbà tó ṣí, ó ń jáde bí èéfín látinú iná igi tútù, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì, títí omi náà fi dúdú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dánu dúró kí n tó mu ún tán. Mo fi ìka nu abọ́ náà lá. Mo sá awọ náà gbẹ, mo ká a, mo dá a padà sínú àpótí, mo sì kàn án mọ́ òpó bó ṣe wà, ó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo lóyún. Ẹ má bi mí bóyá omi yẹn ló ṣe é. Mo ń lo oògùn nọ́ọ̀sì kan lákòókò kan náà, ẹ́ńjìnnì tírélà tí ọkọ mi ń wà sì ti nọ́ọ̀kù, oṣù méjì gbáko lọkọ mi fi wà nílé. Ọlọ́run ló mọ̀. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé láti ọjọ́ tí ọ̀gá mi ti Pọ́táàkọ́tù dé, tó gbé báàgì sílẹ̀, tó fi ìka kan àpótí náà, tó sì fi kan ètè, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi mọ́ nínú ilé yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ló ń kí bàbá rẹ̀, tí bàbá rẹ̀ ò sì sí níbẹ̀.

Nígbà tí mo bímọ tán, tí a ti sọ ọ́ lórúkọ, mo sọ fún bàbá mi. Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín, torí iṣẹ́ wọn náà ni. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

"Ta ló kọ ọ́?" ni wọ́n bi mí.

"Bàbá ẹ̀ ni, sà. Ó ti kú."

"Ṣé ó kọ ọ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́ ni?"

"Rárá, sà."

"Èmi tí mo ń kọ hàǹtú, kí n tó ki kálámù bọ tàdáà ni mo ti mọ̀ pé fífọ̀ ni. Èmi ni mo kọ ọ́, èmi náà ni mo yọ̀ǹda ẹ̀. Èyí tó o ṣe yìí kì í ṣe hàǹtú. Olè ni. Olè lo jà, ìwọ ọmọ àfáà, o tún wá ṣe bísímílá sí i! Lọ sọ fún un. Kó lé ẹ níṣẹ́, kó gbá ẹ létí, kó pe ọlọ́pàá. Ṣáà lọ sọ fún un. Ojú òkú ọ̀hún ló ń wá, ó yẹ kó mọ̀ pé kò sí níbẹ̀ mọ́."

Mo ní mo ti gbọ́. Lọ́la rẹ̀ mo pọn ọmọ lọ sí Apápá, mo ti tún ọ̀rọ̀ náà sọ lẹ́nu títí ní gbogbo ojú ọ̀nà. Ọ̀gá mi ṣílẹ̀kùn. Ó rí ọmọ, ó pariwo bí ọmọdé. Ó gbà á lẹ́yìn mi, ó gbé e sókè lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ kékeré yẹn kan àpótí náà, ó sì fẹnu ko ọwọ́ ọmọ náà. Ó ní kí àwọn lẹ́tà bàbá òun máa ṣọ́ ọ. Mo gba ọmọ mi padà, mo sì tún un pọ̀n. Nígbà tí mo fi máa padà lọ, ó di ọsàn fún mi. Ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí iye tó jẹ́.

Mo ní ó di ọjọ́ míràn. Ọjọ́ míràn dé, ọjọ́ sì ń gorí ọjọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ó kọ lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní hé sí páànù. Ó ní hé ni Ọlọ́run fi dá ayé yìí gan-an, torí èémí lásán ni, kò gba agbára kankan. Ó ní kí n wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, gbayawu ló ṣí sílẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ já bọ́, kó já bọ́. Ṣùgbọ́n kí n wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá òsì, àlàfo kékeré kan wà níbẹ̀ lókè. Ibẹ̀ ni ẹni tó já bọ́ lè gbà wọlé padà bó bá ronú pìwà dà. Mo wò ó, mo rò pé ó ti mọ̀, pé èmi ló ń bá wí. Kò mọ nǹkan kan. Ó kàn ń kọ́ mi ni, bó ṣe máa ń kọ́ mi. Mo mú aṣọ ìnuwọ́, mo nu páànù náà nù, mo ní ọbẹ̀ ń jóná.

Nígbà tí àìsàn tó pa bàbá mi dé, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn bọ́ síta, kí èmi nìkan kù. "Ṣé o ti sọ fún un?" Mo ní mo ti sọ. Wọ́n ní kí ló wí. Mo ní ó dárí jì mí. Wọ́n ní àlùhámúdùlíláì, wọ́n sì pa ojú dé, ara wọn balẹ̀. Irọ́ ni mo fi sin bàbá mi.

Nǹkan bí ọdún méje lẹ́yìn tí mo mu omi yẹn, nígbà tí epo wọ́n tí gbogbo nǹkan sì le, ọ̀gá mi ní òun ń lọ sílé pátápátá. Ọjọ́ tó máa tú àpótí náà kúrò lára òpó, mo ti dáná, ẹja díndín àti ọbẹ̀ adìẹ tó fẹ́ràn. Ó fi ọ̀bẹ tú ìṣó rẹ̀. Ó ní ìlànà wọn ni pé kí wọ́n máa ṣí i wò lẹ́ẹ̀mejì láàrin ọdún méje, torí bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá sán, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Òun ò ṣí i rí láti ìgbà tí òun ti dé Èkó. Ẹ̀rù ló ń ba òun, òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún òun pé ọwọ́ bàbá òun ti sán. Ó gbé e wọlé, ó jókòó sídìí tábìlì. Ó ní, "Wá. Àwọn lẹ́tà wa ti mọ́ ẹ lójú báyìí. Wá bá mi ka ọwọ́ bàbá mi."

Mo wá. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi ìka méjì fa awọ náà jáde, ó tú u ká. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹ̀yìn ni òun ń wò, ó yí i padà. Ó tún yí i padà. Ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ là á kọjá. Àbàwọ́n dúdú díẹ̀ ló wà lára rẹ̀, kò sí lẹ́tà kan. Mo ń dúró kó yíjú sí mi. Kò yíjú sí mi rárá.

"Ooru ni," ó wí. "Ooru, àti iyọ̀ òkun. Àwọn àgbà sọ pé kí n máa ṣí i wò, mi ò ṣí i wò. Èmi ni. Èmi ni mo pa á." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè wọn, jẹ́jẹ́, ó ń bẹ ẹnì kan. Mi ò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n bí ọmọ ṣe ń bẹ bàbá rẹ̀, èdè kan náà ni káàkiri ayé. Omijé rẹ̀ ń kán sórí awọ náà. Àgbàlagbà tó lé ní ọgọ́ta ọdún.

Nígbà tó nu ojú tán, ó ní àwọn àgbà wọn ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí awọ bá tilẹ̀ jóná, lẹ́tà kì í jó. Wọ́n máa ń fò ni, wọ́n á padà sọ́dọ̀ Ẹni tó ni wọ́n. Ó wá wò mí, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń wá ẹni tó máa bá òun gbà á gbọ́. Ó ní, "Ṣé o rò pé wọ́n ti délé?"

Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi. Mo fi gbogbo ayé mi búra fún yín, ó wà lórí ahọ́n mi. Ṣe ni n bá ṣáà la ẹnu, kódà bó lù mí pa, ì bá mọ̀ pé kì í ṣe òun ló pa bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Mo ní, "Wọ́n ti délé, sà."

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó ṣeun. Ó ní òun ò ní jẹun lónìí, òun ò sì ní jẹun lọ́la, òun á gba ààwẹ̀ nítorí àìbìkítà òun. Ó bẹ̀ mí pé kí n má bínú, pé òun jẹ́ kí n dáná lásán. Ó bá mi wá abọ́ tó ní ìdérí, ó fọwọ́ ara rẹ̀ bu ẹja àti adìẹ náà sí i, ó ní kí n gbé e lọ fún ọmọ mi. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Nígbà tí mo dé Ajégúnlẹ̀, ó ṣì gbóná. Ọmọ mi jẹ, ó ní ó dùn. Èmi náà bu tèmi, mo jẹ ẹ́ yó.